Kútẹ́ẹ̀sì ní Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtọ́jú Eyín

Láti Ìlúpéjú dé Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Ẹni tí ó bá jáde nílé ní òwúrọ̀, tí ó gba Mushin kọjá, tí ó sì yà sí ọ̀nà Ìṣàgá, yóò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìṣègùn láti 1962. Nínú ọgbà yìí ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ sí ní 1966. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ tí ó bá wọlé síbẹ̀ yóò fi kọ́ṣẹ́. Yóò kọ́ nípa egungun, ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀. Yóò fi ìda mọ eyín títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Yóò gbẹ́ ihò sí eyín tí ó wà lẹ́nu orí àtọwọ́dá. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọn yóò tó jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan ẹnu ènìyàn alààyè. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn nǹkan kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ di ohun àyẹ̀wò, ní ibi gbogbo tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ayé. Ọ̀kan nínú wọn ni kútẹ́ẹ̀sì.

Èkó kò kẹ̀rẹ̀ nínú oge. Ní ọjọ́ Sátidé, bí òde bá wà ní Ìlúpéjú, ní Surulere tàbí ní Yábàá, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin a máa mú àwọ̀ èékánná wọn bá gèlè àti aṣọ ẹbí mu. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín kò yàtọ̀ sí wọn. Òun náà ní ọ̀rẹ́ tí ń ṣe ìgbéyàwó, òun náà ní ẹ̀gbọ́n tí ń sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Ajé bá mọ́, tí ó sì ní láti dúró ti àga aláìsàn, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ náà ń retí ni pé kí ó ti nu àwọ̀ yẹn kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Kí wá ni ọ̀dà pupa díẹ̀ lórí èékánná ṣe fún eyín ẹlòmíràn, nígbà tí ìbọ̀wọ́ wà láàárín? Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè ọ̀lẹ. Ẹni tí wọ́n bá sì dá lóhùn pé “òfin ni” kò tíì gba ìdáhùn.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá ní ọ̀ṣọ́ ọwọ́. Kí ìgò kútẹ́ẹ̀sì tó dé ọjà ni àwọn ìyá ti ń fi osùn para, tí wọ́n ń lé tìróò, tí wọ́n sì ń lé lààlì. Ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú mìíràn tí ẹ̀sìn Ìmàle ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, lààlì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí a fi ń mọ ìyàwó. Wọn a gún ewé rẹ̀, wọn a pò ó mọ́ omi, wọn a sì fi í lẹ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti èékánná. Wọn a wé e títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọ̀ ewé náà a wọ inú èékánná lọ, kì í dúró lórí rẹ̀ bí ẹ̀wù. Kò sí bí wọ́n ti lè fọ ọwọ́ náà tó tí yóò bó. Ìgbà tí èékánná bá dàgbà kúrò ni àwọ̀ tó ń lọ, nítorí èékánná ọwọ́ ń gùn ní ìwọ̀n mílímítà 3 lóṣù kan, ó sì ń gbà tó oṣù mẹ́fà kí èyí tí ó wà ní ìdí tó dé ṣóńṣó ìka. Ìyàtọ̀ yìí, àwọ̀ tí ó wọ inú àti àwọ̀ tí ó bo òde, ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn.

Kútẹ́ẹ̀sì jẹ́ ti òde. Orúkọ rẹ̀ gan-an wá láti ara Cutex, ọjà ilé iṣẹ́ Northam Warren ní Amẹ́ríkà, tí ó ti ń ta oògùn ìtọ́jú ìdí èékánná láti 1911, tí ó sì gbé ọ̀dà olómi jáde ní nǹkan bíi 1917. Àwọn ará ilẹ̀ wa sọ orúkọ yìí di orúkọ gbogbo ọ̀dà èékánná, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọyín ní Macleans. Láàárín 1920 sí 1930, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lo ọ̀dà tuntun kan tí ó ń tètè gbẹ, tí òwú tí wọ́n fi ásíìdì pò jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Irú nǹkan kan náà ni ó wà nínú ọ̀dà èékánná. Ní 1932 ni Charles Revson, arákùnrin rẹ̀ Joseph, àti Charles Lachman dá ilé iṣẹ́ Revlon sílẹ̀ ní New York, tí wọ́n sì ń ta èyí tí ó ki, tí ó sì ní oríṣiríṣi àwọ̀. Bí wọ́n bá kùn ún tán, omi tí ó mú un ṣàn a fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, a sì ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó ń dán lórí èékánná.

Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èékánná a máa fa omi mu, a máa wú díẹ̀, a sì tún máa gbẹ. Awọ tí ó bò ó kò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí. Ẹni tí ó ń fọ ọwọ́ nígbà mẹ́ta lóòjọ́ lè lo kútẹ́ẹ̀sì fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó là. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tọ́jú eyín ń fọ ọwọ́ kí ó tó kan aláìsàn, ó ń fọ ọ́ nígbà tí ó bá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ là. Etí rẹ̀ a ká sókè, àlàfo a sì ṣí sílẹ̀ láàárín ọ̀dà àti èékánná, níbi tí ọṣẹ kò lè dé dáadáa.

Kí ènìyàn tó mọ ìdí tí àwọn oníṣègùn fi ń bẹ̀rù irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Vienna, olú ìlú Austria, ní 1847. Dókítà kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis wà ní ilé ìgbẹ̀bí ńlá ìlú náà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ilé yìí sí: àwọn agbẹ̀bí ni ó ń tọ́jú apá kan, àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni ó ń tọ́jú èkejì. Àwọn abiyamọ tí ibà ń pa ní apá ti àwọn dókítà pọ̀ ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ fíìfíì, débi pé àwọn aboyún a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé àwọn lọ síbẹ̀. Semmelweis ṣàkíyèsí pé láti inú yàrá tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn abiyamọ, tí òórùn òkú kò sì tíì kúrò ní ọwọ́ wọn. Ó pàṣẹ pé kí wọn máa fi omi olóògùn fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, nínú 100 abiyamọ, ó lé ní 18 tí ó kú. Ní oṣù kẹfà, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2. Yorùbá ní ọmọ tí ó mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun. Ní Vienna, àwọn àgbà gan-an ni kò mọ ọwọ́ wẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú sí i, nítorí ó dà bí ẹni pé ó pe ọwọ́ ẹni ńlá ní ọwọ́ ẹlẹ́gbin. Ó kú ní 1865 láìrí iyì iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ tí ó wá yẹ ọwọ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà rí i pé abẹ́ èékánná àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tín-íntìn-ín pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ọwọ́. Ó sì yani lẹ́nu pé, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yìí, títí di nǹkan bíi 1985 ni ọ̀pọ̀ dókítà eyín káàkiri ayé fi ń ti ọwọ́ lásán bọ ẹnu aláìsàn. Ìbẹ̀rù kòkòrò HIV àti ti hepatitis B ni ó mú ìyípadà wá. Ní 1986, àjọ CDC tí ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà fún ìtọ́jú eyín, ìbọ̀wọ́ sì di ohun tí kò gbọdọ̀ wọ́n ní ìdí àga.

Ìbọ̀wọ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin. Inú rẹ̀ gbóná, ó sì tutù fún òógùn, èyí tí àwọn kòkòrò fẹ́ràn. Ó lè ní ihò tí ojú kò rí. Èékánná tí ó gùn tàbí tí etí rẹ̀ mú lè gún un láti inú, bí abẹ́rẹ́ tàbí ohun èlò mìíràn ti lè gún un láti òde. Ẹnu ènìyàn kò fẹ̀; ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín sì ń yí ní ìgbà tí ó ju 300,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nítòsí ahọ́n, nítòsí ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítòsí ìka dókítà fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa jáde láti ara erìgì. Bí ìbọ̀wọ́ bá ya nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó wà ní èékánná lè dé ọgbẹ́, ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ sì lè dé èékánná. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ ti 2009 pé kí àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn má ṣe lo èékánná àtọwọ́dá, kí èyí tí Ọlọ́run sì fún wọn má gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà ní ṣóńṣó.

Ọ̀rọ̀ èékánná àtọwọ́dá yìí ti mú ẹkún wá rí. Ní ilé ìwòsàn kan ní Oklahoma City, ní Amẹ́ríkà, láàárín oṣù kìíní 1997 sí oṣù kẹta 1998, wọ́n gba ọmọ tuntun 439 sí yàrá àwọn ọmọ tí ara wọn kò dá. Kòkòrò kan tí ń jẹ́ Pseudomonas aeruginosa ran 46 nínú wọn. 16 nínú àwọn wọ̀nyí kú. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí kòkòrò náà ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́ta, èékánná méjì nínú wọn sì gùn, ọ̀kan ní ti ara rẹ̀, èkejì ní àtọwọ́dá. Àwọn ọmọ tí àwọn méjì yìí tọ́jú ni àrùn náà mú jù. Àwọn olùwádìí kò sọ pé èékánná nìkan ni ó pa àwọn ọmọ náà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọ̀nyí kò ní ọkàn búburú. Wọ́n ń fọ ọwọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí ọkàn rere nìkan kò fi tó fún ẹni tí ó ń tọ́jú ènìyàn.

Òdodo kò gbọ́dọ̀ pamọ́ níhìn-ín. Kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí kò là, tí ó wà lórí èékánná kúkúrú, kò sí ẹ̀rí tí ó lágbára pé ó ń kó kòkòrò jọ ju èékánná lásán lọ. Èyí tí ó ti là ni ẹ̀rí ń bá wí, àti àtọwọ́dá. Nítorí náà ni àwọn aláṣẹ kò fi sọ ohùn kan. Ìlànà tí CDC kọ fún ìtọ́jú eyín ní 2003 tẹnu mọ́ èékánná kúkúrú tí etí rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò sì fi òfin de gbogbo kútẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn ilé ìtọ́jú eyín sọ ọ́ ní gbangba pé kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà má ṣe kun ọ̀dà, kí ó má sì lẹ èékánná. Bí ó bá sì yí àtẹ́lẹwọ́ sí ojú rẹ̀, kí ó má ṣe rí èékánná kankan tí ó yọ kọjá ẹran ìka. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ó bọ́gbọ́n mu jù. Ta ni yóò máa fi ojú wo ìka mẹ́wàá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀, láti mọ èyí tí ó ti là àti èyí tí kò tíì là? Ọ̀dà dúdú tàbí pupa sì ń bo ìdọ̀tí abẹ́ èékánná mọ́lẹ̀, tí ẹni tí ó ni ín pàápàá kò fi ní mọ̀ pé ọwọ́ òun kò mọ́.

Ó ku apá kan tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ju aláìsàn lọ, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ní Ojúwòyè ní Mushin, àti ní ọ̀pọ̀ ọjà Èkó, ènìyàn yóò rí àwọn tí ń lẹ èékánná fún obìnrin lórí ìjókòó, àti àwọn ọkùnrin Hausa tí ń fi àlùmọ́gàjí kékeré ṣe ìpolówó bí wọ́n ti ń rìn kiri láti gé èékánná. Ohun tí wọ́n fi ń mọ èékánná líle àtọwọ́dá kò jìnnà sí inú ilé ìtọ́jú eyín. Ìtàn rẹ̀ ni pé ní 1954, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, Fred Slack, ṣẹ́ èékánná rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mú ohun tí ó fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá, ó fi tún un ṣe. Láti inú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni òwò ńlá ti jáde.

Kútẹ́ẹ̀sì tuntun tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀lì tún sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í gbẹ fúnra rẹ̀. Obìnrin a ti ìka rẹ̀ bọ abẹ́ fìtílà kékeré, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì mú ọ̀dà náà le. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn yóò mọ irú ìmọ́lẹ̀ yìí, nítorí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń mú ohun funfun tí wọ́n fi dí ihò eyín le. Ìdí tí ìṣe méjèèjì fi jọra ni pé ẹbí kan náà ni ohun tí ó wà nínú wọn: methacrylate ni orúkọ ẹbí náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni HEMA, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ jẹ́ẹ̀lì èékánná àti nínú ọ̀pọ̀ àtè tí ń lẹ ohun ìdíhò mọ́ eyín.

Bí jẹ́ẹ̀lì tí kò tíì le bá ń kan ẹran ara léraléra, ara ẹlòmíràn a kọ̀ ọ́. Ìka a máa yún, a wú, a bó, a sì là. Ara tí ó bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni ó sábà máa ń kọ̀ ọ́. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ nípa èyí, wọ́n sì sọ pé ẹni tí ó bá kó o láti ara èékánná lè rí ìṣòro nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dí ihò eyín fún un. Fún ẹlòmíràn, wàhálà ọjọ́ kan ni èyí. Fún ọmọ tí ó ń kọ́ bí a ti ń dí ihò eyín, ojoojúmọ́ ni yóò fi ọwọ́ kan ohun tí ara rẹ̀ ń kọ̀. Ìbọ̀wọ́ kò sì lè gbà á, nítorí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni HEMA ń la ìbọ̀wọ́ lásán kọjá. Àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní òkè òkun tí wọ́n ní láti yí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe padà nítorí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ní Ìdí-Àràbà, owó ilé ẹ̀kọ́, àti ìrètí òbí, kò yẹ kí ènìyàn fi wọ́n ta tẹ́tẹ́ nítorí ìgò jẹ́ẹ̀lì kan tí ó rà lọ́jà láti máa fi kun ara rẹ̀ nílé.

Àwọn kan a máa sọ pé obìnrin ni òfin yìí ń dọdẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní ìwọ̀n òtítọ́, pàápàá nígbà tí ẹni tí ń pa á láṣẹ bá ń fi ohùn ẹ̀gàn sọ ọ́, bí ẹni pé ẹni tí ó ń ṣe oge kò lè ní làákàyè. Ìtàn ti dá irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Kí ilé ẹ̀kọ́ ti Ìdí-Àràbà tó bẹ̀rẹ̀ ni Simi Johnson, tí wọ́n kà sí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di dókítà eyín ní Nàìjíríà, ti gba oyè rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin sì ti pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa òfin náà mọ́ bí ó ti yẹ, ó kan ọkùnrin pẹ̀lú. Èékánná ìka kékeré tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan máa ń dá sí kí ó gùn, òrùka ńlá, aago ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn-ọwọ́, gbogbo wọn ni ó wà nínú ohun tí wọ́n ní kí oníṣègùn yọ. Olùkọ́ tí ó bá rí kútẹ́ẹ̀sì ọmọbìnrin, tí kò sì rí èékánná gígùn ọmọkùnrin, kò tíì mọ ohun tí ó ń wá.

Lààlì kò rọrùn láti dá lẹ́jọ́. Kì í là, kì í ká sókè, kò sì ṣeé nù kúrò ní ọjọ́ Ajé bí ìyàwó tuntun ti ń padà bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó, kí ó sì gé èékánná rẹ̀ kúrú. Lààlì dúdú tí àwọn kan ń po mọ́ oògùn ìparun dúdú ni kí ó sá fún, nítorí oògùn náà lè mú kí ara ró, kí ó sì bó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sì bó kò yẹ ní ẹnu aláìsàn títí yóò fi jinná. Ní ti ìka ẹsẹ̀, bàtà ni ó bò ó ní gbogbo àkókò iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kùn ún ní pupa, ní àwọ̀ ewé, tàbí ní àwọ̀ wúrà.